Orin Kẹta àti Ìgbálẹ̀ Bàbá Alojz

Ọ̀sẹ̀ tí àwo orin wa kejì jáde gan-an ni àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní orin kẹta bàjẹ́. Wọ́n ní ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé ìṣẹ́jú kẹfà, ni nǹkan kan bá dún gbì, gbì, gbì, orin dákẹ́ lójijì, nǹkan kan wá ń rọ́ ṣàràṣàrà bí ẹni ń gbọn ẹ̀wà nínú agolo, ó parí. Obìnrin tó ń ta àwo orin bi mí bóyá ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Mo ní rárá, bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ó wò mí títí, ó sì gba àwo ọwọ́ ọkùnrin onírun gígùn tó tò sẹ́yìn mi, ó bá a pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn tó fún un náà bàjẹ́ níbì kan náà.

Èmi ni mo ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Eryk ni mò ń jẹ́. Hałda la sọ ẹgbẹ́ wa, ìyẹn orúkọ òkìtì ìdàrọ́ dúdú tí ilé iṣẹ́ èédú ń dà sẹ́yìn ilé wa láti ayé bàbá àwọn bàbá wa. Ginter Pyka ló ń kọrin tó sì ń ta gìtá kejì. Rufin ló ń lu ìlù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Àwa mẹ́ta náà nìyẹn.

Àwo orin àkọ́kọ́ kò ni wá lára rárá. Gbogbo ìbínú tí a ti ń bí bọ̀ láti kékeré la kó jọ sínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì gbà. Èkejì ni wàhálà. Bí èèyàn bá ti pariwo ìbínú rẹ̀ tán, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, kí ló tún kù tó fẹ́ bínú sí? A ṣáà kọ orin mẹ́jọ. Méje nínú wọn kò burú, wọn kò sì dára. Ìkẹta nìkan ló jẹ́ orin gidi, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ a kò mọ bí a ó ṣe parí rẹ̀. A gbìyànjú ọ̀nà mọ́kànlá. Ó máa ń dé ìṣẹ́jú kẹsàn-án, á wá máa wọ́lẹ̀ bí àlejò tó ti dìde láti máa lọ, tó tún ń bá onílé sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí a ti ń ṣe ìdánrawò ni ìsàlẹ̀ ilé ẹyẹlé bàbá Ginter. Ẹ̀yìnkùlé ilé bíríkì pupa wa ni gbogbo ìdílé ti ní ahéré bíríkì kékeré kan: wọ́n ń kó èédú sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń sin ẹyẹlé lókè. Bàbá Alojz wa èédú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fẹ̀yìn tì, èédú náà sì bá a lọ sílé nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Hilda, ló ní kó fún ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ahéré, nítorí òun ò fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn nínú ilé ìdáná òun. Ó fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá wa sọ nípa orin, igi ìgbálẹ̀ ló sì fi ń sọ ọ́.

Bó ṣe rí nìyí. A ó máa lu tiwa nísàlẹ̀. Bí ó bá sú u, á fi igi ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀ pákó lókè orí wa, gbì, gbì, gbì. A ó dákẹ́. A ó gbọ́ ọ tó ń gbọn ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo, tó ń fún àwọn ẹyẹ rẹ̀ lóúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Tí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ wọlé lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹlé yẹn ló jáde nínú ẹyin lókè orí wa, tí wọ́n sì dàgbà síbẹ̀.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1987, dókítà sọ fún Bàbá Alojz pé eruku ìyẹ́ ẹyẹ ń parí iṣẹ́ tí èédú bẹ̀rẹ̀, pé kí gbogbo ẹyẹlé kúrò nílé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán. Ogójì ọdún ló ti ń fi ẹyẹlé díje. Ìdíje Rostock ló tóbi jù lójú gbogbo àwọn ẹlẹ́yẹlé agbègbè wa: wọn á kó àwọn ẹyẹ lọ sí etíkun àwọn ará Jámánì, wọn á tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀, kálukú á wá jókòó sílé máa wojú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀meje ni Bàbá Alojz ti ṣe ipò kejì. Kò ṣe ipò kìíní rí. Ìgbà méjì ni wọ́n ń ti Rostock fò lọ́dún, nínú oṣù Kẹfà àti nínú oṣù Keje, àwọn méjì yẹn ló sì kù fún un láyé.

Ó wá pinnu pé ariwo wa ló ń dí òun lọ́wọ́. Ó ní ẹyẹ tí kò bá sinmi kò lè sáré. Ni ó bá gbé aṣọ dúdú àwọn awakùsà jáde, èyí tó ní bọ́tìnnì wúrà àti fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sí lórí, tí wọn kì í wọ̀ àyàfi ọjọ́ Bárbárà Mímọ́, alábòójútó àwọn awakùsà, àti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì lọ bá ọ̀gá ilé àṣà ilé iṣẹ́ èédú, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe fàájì. Ọ̀gá náà ti dìde fún un, ó ń kí i kú ọ̀fọ̀, kó tó gbọ́ pé yàrá ìdánrawò ló wá tọrọ fún àwọn ọmọ onírun gígùn kan. Ó rí i gbà. Ó tún bá wa gba ọjọ́ mẹ́rin ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn fún àwo orin wa kejì. Ginter ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá òun ò ṣe irú wàhálà yẹn fún òun rí, àfi ìgbà tó fẹ́ lé òun jáde.

A kó ẹrù wa lọ nínú oṣù Karùn-ún. Ahéré náà wá dákẹ́ rọ́rọ́, bí Bàbá Alojz ṣe fẹ́ ẹ.

Oṣù Kẹfà, Gryfna, abo ẹyẹlé aláwọ̀ aró tó fẹ́ràn jù, ló kọ́kọ́ dé láti Rostock. Gbogbo àdúgbò rí i. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje yẹn, ẹyẹ tó wà lójú ọ̀run ò tíì dé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kí olówó rẹ̀ bọ́ òrùka rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, kó jù ú sínú aago ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́yẹlé, kó tẹ aago náà kó lè gba àkókò sílẹ̀. Gryfna yí po lórí ilé. Ó bà lé ṣímínì. Ó ń wòye. Bàbá Alojz gbọn agolo ẹ̀wà títí apá rẹ̀ fi kú. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni ẹyẹ yẹn fi jókòó sórí ṣímínì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, ẹyẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì wọlé sílé tiwọn. A gbọ́ ọ. A ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, a sì padà sídìí orin kẹta.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje ni ọjọ́ kẹrin wa ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀. A ti gba orin méje sílẹ̀. Ìkẹta nìkan ló kù. Ọ̀gá Kłosek tó ń mójú tó ẹ̀rọ ti sọ fún wa láàárọ̀ pé aago mẹ́fà ni òun ń ti ilẹ̀kùn, nítorí ọjọ́ orúkọ àna òun ni, tí wọ́n ń ṣe bí ọjọ́ ìbí, pé bí kò bá sí orin kẹta nígbà yẹn, orin méje ni wọn yóò tẹ̀ sáwo. A ti lu orin náà lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ń kọjá ìṣẹ́jú kẹsàn-án lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà, nígbà tí Màmá Hilda wọlé ní aago méjìlá, ó gbé ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé dání.

Ginter ní, “Màmá, a wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ṣé mo ní kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́ ni? Mo gbé kluski wá. Ọjọ́ Àìkú ni.” Ó gbé ìkòkò kluski náà, ìyẹn ọ̀dùnkún gígún tí wọ́n ṣù róbótó, lé orí ẹ̀rọ Ọ̀gá Kłosek. Ọ̀gá Kłosek gbé e kúrò níbẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. “Bàbá ẹ ò rán mi níṣẹ́ o. Ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà.”

“Kí ló wá dé?”

“Kò sí nǹkan tó dé. Òní ni Rostock.” Ó jókòó sórí àpótí kan, ó tún síkáàfù rẹ̀ so. “Rufin, ṣó o rántí ọjọ́ tó o wá mú páànù ìlù ẹ tó ṣẹ́ kù nílé wa, lẹ́yìn Rostock oṣù Kẹfà?”

Rufin mi orí.

“O jókòó, o lù ú díẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bàbá wọn wà lókè. Ó gbàgbé pé ẹ ti kó lọ, ó mú ìgbálẹ̀, ó gún ilẹ̀. O sì dákẹ́.” Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Gbogbo ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gryfna ló ṣíwájú. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, ‘Hilda, àwọn ọmọ yẹn ni agogo oúnjẹ àwọn ẹyẹ mi.’ Ó ti dán ìgbálẹ̀ nìkan wò, wọ́n kàn ń wò ó. Ó gbé rédíò lọ sókè, ó tan ìròyìn sí i kíkankíkan, ó pa á. Wọn ò tiẹ̀ yí ọrùn.”

Mo ń ro ọdún mẹ́ta. Ariwo, ìgbálẹ̀, ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀wà. Ẹyẹ tó ti Rostock bọ̀ láìjẹun, ó dé orí ilé, ó ń dúró kí ariwo bẹ̀rẹ̀ kó lè gbọ́ ìgbà tó bá dákẹ́.

Ginter ní, “Kí ló dé tí ò wá fúnra ẹ̀?”

“Ta ni? Bàbá ẹ?” Màmá Hilda rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìdùnnú. “Ẹni tó wọ aṣọ Bárbárà Mímọ́ lọ lé yín kúrò nílé, aṣọ wo ni yóò wọ̀ wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ padà?”

“Ọdún mẹ́ta ló fi ń gún ilẹ̀ lórí mi, Màmá. Kò gbóríyìn fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òní nìkan ló kù fún wa.”

“Mo gbọ́. Òní nìkan ló kù fún òun náà.” Ó dìde, ó ń wá báàgì rẹ̀. “Wọ́n bi í ní ẹgbẹ́ níjọ́ yẹn, nínú oṣù Kẹfà. Wọ́n ní, ‘Alojz, kí ló ṣe ẹyẹ ẹ tó fi jókòó sórí ṣímínì?’ Ṣó o mọ ohun tó sọ? Ó ní, ‘Kò sẹ́ni nílé.’ Ohun tó sọ náà nìyẹn. Ẹ jẹ kluski yín kó tó tutù.”

Rufin ti ń tú ìlù rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Mo ti jẹ kluski ilé yẹn fún ọdún mẹ́ta,” ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ kẹta rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Òótọ́ ló sọ. Ẹyẹlé pàápàá kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ginter yọ wáyà gìtá rẹ̀, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ká a. Ọ̀gá Kłosek ní aago mẹ́fà òun ṣì jẹ́ aago mẹ́fà.

A dé ẹ̀yìnkùlé ní aago kan kọjá. Bàbá Alojz wà lókè lẹ́nu fèrèsé ilé ẹyẹlé, agolo ẹ̀wà lórí itan rẹ̀, aago ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí ọkọ̀, ó rí ìlù, ó rí ọmọ rẹ̀. Ó wúkọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ginter ní, “A ti jẹun, Bàbá.”

“Ó dáa.”

Mo rò pé a ó kọ́kọ́ ṣí èédú nípò ni. Mo ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Kò sí èédú kankan níbẹ̀. Èédú ọdún yẹn wà níta, nínú ọ̀rá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òjò ń pa á. Wọ́n ti gbá inú yàrá náà mọ́ tónítóní, àpá ẹsẹ̀ ìlù Rufin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí ilẹ̀. Ginter rí i. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń tún gìtá rẹ̀ ṣe fún ìgbà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó pariwo sókè pé, “Bàbá, èwo la máa lù?”

“Èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kó pọ̀.”

A bẹ̀rẹ̀. A lu àwo orin àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìsàlẹ̀ yẹn, èèyàn ò lè rí ojú ọ̀run. A ò mọ̀ bóyá ẹyẹ kankan wà níbẹ̀, a ṣáà ń lù. Ọdún mẹ́ta la fi ń gbàdúrà kí igi ìgbálẹ̀ yẹn ṣẹ́. Lọ́sàn-án yẹn, àdúrà pé kó dún ni mò ń gbà, ojú mi kò sì kúrò lókè àjà. Ìka mi ti ń bó. Àwọn aládùúgbò ti ṣí fèrèsé, wọ́n sì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tí Rostock jẹ́, kò sì sí èyí tó ní ká dákẹ́.

Àwo àkọ́kọ́ tán. Ginter wo Rufin, Rufin wò mí, a bọ́ sínú orin kẹta, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ wa láti àárọ̀. Ìṣẹ́jú kan. Mẹ́ta. Ohùn Ginter ti ya, ó ń jáde bí òkúta tí wọ́n ń wọ́ lórí irin. A dé ìṣẹ́jú kẹfà, níbi tí gìtá méjèèjì ti máa ń gun òkè papọ̀, tí a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí a ó gbà sọ̀ kalẹ̀.

Gbì, gbì, gbì.

A dákẹ́. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ fún un, ara wa ti mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ náà tóbi ju ariwo lọ. Agolo ẹ̀wà rọ́ ṣàràṣàrà lókè. Nǹkan kan já wọlé, ìyẹ́ rẹ̀ ń pa pákó, ẹsẹ̀ kéékèèké ń rìn lórí wa. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún. Aago náà dún kà. Lẹ́yìn náà, Bàbá Alojz bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí, a ò sì mira.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé aago náà mọ́yà. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Ó wo Ginter.

Ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni.”

“Ibo, Bàbá?”

“Orin yẹn. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó parí sí. Láti ìgbà òtútù tẹ́ ẹ ti ń lù ú ni mo ti ń sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀ ni mò ń gún ilẹ̀. Ìyókù, ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lásán ni.”

Mo wá rántí. Òótọ́ ni. Nínú orin yòókù, ibi tó bá wù ú ló ti ń gún ilẹ̀. Nínú ìkẹta, ojú kan náà ni nígbà gbogbo, a sì máa ń bú u pé kì í jẹ́ ká dé òpin.

Ginter ní, “Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ?”

“Ṣé mo dití ni?” Ó gbé aago náà fún Màmá Hilda. “Gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Kí o rí i pé ojú ẹ ni wọ́n ti ṣí i.”

Màmá Hilda wo aago, ó wo ọkọ rẹ̀. Láti ogójì ọdún, kò sí ẹlòmíì tó gbé aago yẹn lọ rí. “Ìwọ ńkọ́?”

“Mo ń bá àwọn ọmọ lọ. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á dákẹ́ sí.” Ó sì padà sókè lọ mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ àti agolo.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀gá Kłosek tan ẹ̀rọ fún wa. Ó wo bàbá arúgbó tó wọ bàtà inú ilé, tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, ó ní ohun èlò orin wo nìyẹn. Rufin ní, “Òpin ni.” Mi ò mọ ọ̀sẹ̀ tó ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. A lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gún ilẹ̀ níbi tó yẹ kó gún un, a dákẹ́, ó gbọn agolo, Ọ̀gá Kłosek pa ẹ̀rọ, ó sì lọ síbi ọjọ́ orúkọ àna rẹ̀. Ní ibùdó ọkọ̀ tíráámù ni ẹnìkan ti sọ fún Bàbá Alojz pé ipò kìíní ni, pé ìṣẹ́jú méjì ni Gryfna fi ju ẹyẹ kejì lọ. Ó ní ó dáa. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ kan lé èjìká Ginter, kò sì gbé e kúrò títí ọkọ̀ fi dé.

Ó kú nínú oṣù Kejì, kí àwo orin náà tó jáde. Aṣọ tó fi lọ tọrọ yàrá fún wa náà ni wọ́n wọ̀ fún un.

Àwo náà ń tà, àní báyìí tí wọ́n ti mọ̀ pé kò bàjẹ́. Àwọn kan ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú ìwé ìròyìn nípa ohun tí orin kẹta túmọ̀ sí. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí a kì í fi í parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a bá wà lórí ìtàgé. Rufin lè fi ìlù rẹ̀ lu gbì, gbì, gbì náà, kò le. Ginter ò gbà. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, á gbójú sókè wo àjà gbọ̀ngàn, èmi náà á gbójú sókè, Rufin náà á gbójú sókè, ọwọ́ wa ò ní dúró. Nígbà tí kò bá dún, a ó máa lù ú lọ, ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìkejìlá, títí yóò fi rẹ̀ wá, nítorí kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa pé ó ti tó.